Ìwé Tí Ènìyàn Mẹ́tàlélógún Kà

"Ọ̀mọ̀wé! Ọ̀mọ̀wé! Ọ̀mọ̀wé!"

Bí gbogbo gbọ̀ngàn ṣe ń pariwo nìyẹn. Àwọn kan ń lu àga, àwọn kan ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ ti dìde dúró sórí bẹ́ńṣì. Ọjọ́ Ìwé Àgbáyé ni, ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kárí ayé láti yẹ́ ìwé àti àwọn tó ń kà á sí. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan dìde láàárín èrò, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó gun orí pèpéle tẹ̀ríntẹ̀rín. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń wo ibẹ̀? Ẹni tó bá ka ọgọ́ta ìwé láàárín ọdún kan, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n máa pè é bí kò ṣe Ọ̀mọ̀wé?

Ọgọ́ta! Ẹni tó ṣe ipò kejì ka mọ́kàndínlógún péré. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn, ọ̀rẹ́ Ọ̀mọ̀wé ni, ọmọ tó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko wà nídìí ìwé kan, tí yóò máa dá rẹ́rìn-ín, tí yóò tún máa nu ojú. Ọ̀mọ̀wé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ò ka ìwé, o gba yàrá síbẹ̀ ni."

Ní ìlà iwájú, ọkùnrin kan jókòó tó wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀. Gọ́ọ̀mù gbígbẹ wà létí èékánná rẹ̀, ọṣẹ ti bá a jà tì. Bàbá Ọ̀mọ̀wé ni. Adìwé ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìwé bá ya, bí ewé inú rẹ̀ bá ń já bọ́, òun ni wọ́n ń gbé e fún. Á fi abẹ ya èpo àtijọ́ kúrò, á fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán inú rẹ̀ pọ̀, á gé páálí tuntun, á wá lẹ àwòrán èpo àtijọ́ mọ́ páálí náà padà, iwájú àti ẹ̀yìn. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ yìí ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ká má parọ́, òun gan-an ni wọ́n fi ń jẹun nílé.

Ohun kan sì wà nípa bàbá yìí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ àfi ará ilé rẹ̀. Bàbá Adìwé kò mọ̀wé kà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ewé ló fi ń to ìwé, kì í sì í ṣì í. Bí ó bá dì í tán, á fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sí inú páálí ẹ̀yìn, kó lè mọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ òun lò kí ó tó tún ya. Ṣùgbọ́n ohun tó wà láàárín páálí méjèèjì, wọ́n á kà á fún un ni. Nítorí náà, bí ọmọ rẹ̀ bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á gbé gọ́ọ̀mù sílẹ̀, á nu ọwọ́, á ní, "Ó yá, Ọ̀mọ̀wé mi, kí ló wà nínú ti òní?"

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti dọ̀rọ̀. Ọ̀mọ̀wé kì í kàwé.

Àní kì í kà á! Ọ̀rọ̀ ṣókí tó wà lẹ́yìn ìwé, èyí tí wọ́n fi ń polówó ìtàn, ìyẹn nìkan ló ń kà. Ìṣẹ́jú méjì, ó parí. Káàdì kan wà nínú àpò bébà ní ẹ̀yìn gbogbo ìwé yàrá ìkàwé náà, ẹni tó bá ka ìwé tán á kọ ọjọ́, orúkọ rẹ̀, àti gbólóhùn kan nípa ohun tó kà. Ọ̀mọ̀wé á kọ ọ́ gàdàgbà: "Ìwé yìí kọ́ mi ní sùúrù." Lọ́jọ́ kejì, "Ìwé yìí kọ́ mi ní ìfẹ́." Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ìwé wo ni kò lè kọ́ èèyàn ní sùúrù?

Kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìkà. Ìgbà àkọ́kọ́, ìdánwò ló ká a mọ́, ó kọ orúkọ sórí káàdì ìwé kan tí kò tíì ṣí, ó ní òun á padà kà á. Wọ́n yìn ín níwájú kíláàsì. Ìyìn dùn. Kó tó mọ̀, ó ti di ogún, ó ti di ọgbọ̀n. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún káfíńtà, ó ti sọ fún awakọ̀, ó ti sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù pé ọmọ òun ń ka ìwé bí ẹni ń ká àgbàdo. Báwo ni ọmọ náà á ṣe wá là á pé irọ́ ni? Nínú ọgọ́ta ìwé yẹn, mẹ́rin péré ló kà dé òpin, tín-ń-rín sì ni gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí gbọ̀ngàn.

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́, obìnrin tí kì í fi ohùn ṣeré, na ọwọ́ sí tábìlì tí wọ́n to ọgọ́ta ìwé náà sí. "Ọ̀mọ̀wé, mú èyí tó dùn mọ́ ọ jù lọ níbẹ̀, kí o ka ìpínrọ̀ kan fún wa. Lẹ́yìn náà a ó gbé ẹ̀bùn fún ọ, a ó sì kọ orúkọ rẹ sára ògiri yàrá ìkàwé títí láé."

Ọ̀mọ̀wé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí àwòrán rẹ̀ dára jù ló gbé, ìwé kan tí wọ́n ń pè ní *Àtùpà Ojú Fèrèsé*.

"Ìtàn ìyá kan ni," ó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń dún ketekete. "Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sókèèrè. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, ìyá náà á tan àtùpà sójú fèrèsé, kí ọmọ lè rí ọ̀nà ilé. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún ọmọ náà lọ́jọ́ tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ yìí pa mí lẹ́kún."

Ó ṣí ìwé náà láàárín méjì. Ó fa ohùn bí ẹni tí ẹkún ń gbọ̀n.

"'Bí ìgbẹ́ wọn bá ti ń funfun, tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ wọn nídìí . . .'"

Kí rèé?

Ó tún wo ibẹ̀. Ó ṣí ewé kan síwájú: àwòrán agé tí adìyẹ fi ń mumi. Ó ṣí ewé kan sẹ́yìn: bí a ṣe ń kọ́ ilé adìyẹ tí òjò kò ní wọ̀. Háà! Ó pa ìwé dé, ó wo èpo rẹ̀. Àtùpà ni. Ó tún un ṣí. Adìyẹ ni. Ara rẹ̀ bù máṣọ lórí pèpéle.

"Ìgbẹ́ ta ni?" ọmọ kan bi láti ẹ̀yìn. Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá àgbà gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ṣí i, ojú rẹ̀ sì ń le sí i. "Oúnjẹ adìyẹ. Àìsàn adìyẹ. Ẹyin adìyẹ." Ó gbójú sókè, ẹ̀rín sì wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ta ló di ìwé yìí?"

Bàbá Adìwé dìde. "Èmi ni, mà."

"Ìwọ ńkọ́?" Ọ̀gá àgbà kọjú sí Ọ̀mọ̀wé. "Báwo ni o ṣe ka ìtàn tí kò sí nínú ìwé?"

Ìbéèrè ńlá! Gbogbo ojú ń wò ó, Jẹ́jẹ́ ń wò ó, ẹ̀bùn wà lórí tábìlì. Ẹnu rẹ̀ sì là kí ọkàn rẹ̀ tó dá a dúró.

"Mà, kí . . . kí wọ́n tó tún un dì ni mo kà á. Ìtàn ló wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló rí ohun tó ṣe. Ó ti bọ́ ẹrù lórí ara rẹ̀, ó ti gbé e ka bàbá rẹ̀ lórí.

"Ẹ jẹ́ kí n rí i, mà," Bàbá Adìwé sọ. Wọ́n fún un ní ìwé náà. Kò wo èpo, kò wo inú, ẹ̀yìn ló ṣí, ibi tí nọ́ńbà pẹ́ńsù rẹ̀ wà. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Láti orí pèpéle, Ọ̀mọ̀wé rí i pé ètè bàbá òun ń ka ọdún náà. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọdún méjì péré sì ni òun lò ní ilé ẹ̀kọ́ yìí. Kò sí bí òun ṣe lè ka ìwé náà kí wọ́n tó dì í.

Bàbá rẹ̀ gbójú sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ó mọ̀. Ọ̀mọ̀wé rí i kedere pé ó mọ̀. Ohun tó kù kò ju kí ó na ìka sí nọ́ńbà yẹn, kí irọ́ náà fọ́.

Bàbá Adìwé rọra pa ìwé náà dé.

"Ẹ̀bi mi ni, mà. Ọmọ kò jẹ̀bi. Ìwé méjì tó dọ́gba lẹ gbé fún mi lọ́jọ́ kan náà. Èpo eléyìí ni mo lẹ̀ mọ́ inú ìkejì."

"Bàbá, ẹ ò wá ka ohun tó wà nínú rẹ̀ ni?"

Ó gbá ìwé náà mọ́ àyà. "Mi ò mọ̀wé kà, mà."

Yéè! Ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sórí gbogbo èèyàn. Adìwé tí kò mọ̀wé kà! Kùn-ùn-kùn-ùn bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, ẹ̀rín yọ lọ́hùn-ún. Àṣírí tí ọkùnrin náà fi ogún ọdún bò mọ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tú u síta nítorí ọmọ.

"Ọdún mẹ́wàá lẹ ti ń bá wa di ìwé!" Ọ̀gá àgbà kọ hà. "Kò burú. Ẹ ṣeun fún èyí tẹ́ ẹ ti ṣe. Láti òní lọ, a ó wá ẹlòmíràn."

"Mo dúpẹ́, mà," ni bàbá náà dáhùn. Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì, ó sì kọjú sọ́nà.

Ọ̀mọ̀wé na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀. Ó kígbe tó fi jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ta gìrì.

"Irọ́ ni mo pa! Ẹ má jẹ́ kí bàbá mi lọ! Mà, ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé yẹn, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n dì í. N ò tíì dé ilé ẹ̀kọ́ yìí nígbà náà. Mi ò kà á rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo kà."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan? Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Mẹ́rin ni mo kà, mà. Nínú ọgọ́ta."

Bàbá Adìwé dúró lójú kan. Irọ́ àkọ́kọ́ kò dùn ún tó báyìí. "Mẹ́rin? Àwọn ìtàn tí ò ń sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ńkọ́, ọmọ mi?"

"Mò ń hun ún fúnra mi ni, Bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́."

Ọkùnrin náà wá àga, ó jókòó wọ̀ọ̀. Kò bínú, kò pariwo, ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún gọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ti rí bàbá yín bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ̀ pé ẹgba sàn jù ú lọ.

Ọ̀gá àgbà fa káàdì, èyí tí wọ́n fi tuntun sí i lẹ́yìn tí Bàbá Adìwé dì í, yọ nínú àpò ẹ̀yìn ìwé náà. Inú ń bí i gidi. "Ó dáa! Ọmọ yìí nìkan kọ́ ló kọ orúkọ síbí. Bí mo bá ti pe yín, ẹ dìde!" Ó ń pè wọ́n láti ìsàlẹ̀ káàdì lọ sókè, wọ́n sì ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ọmọ méje. Mẹ́wàá. Mẹ́rìndínlógún. Olórí akẹ́kọ̀ọ́ dìde. Ẹnu ya gbogbo èrò, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò dìde, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní lítíréṣọ̀ pàápàá dìde! Kò sí ẹni tó rí adìyẹ níbẹ̀! Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò kúkú mọ èyí tí inú ń run.

Ó ku orúkọ kan, ti òkè pátápátá. Ọ̀gá àgbà wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ta ni, mà?" olùtọ́jú yàrá ìkàwé bi í.

Obìnrin tí kì í fi ohùn ṣeré náà kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "'Ìwé tó dára púpọ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kà á.'" Ó gbé káàdì sílẹ̀. "Èmi ni mo kọ ọ́."

Ẹ gbà mí! Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Ènìyàn mẹ́tàlélógún ka ìwé kan, kò sì sí ẹni tó ṣí i nínú wọn.

Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò dìde, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. "Ìtàn yẹn wá dà? Ìyá tó tan àtùpà, níbo ló wà?"

"Á wà nínú èpo ìwé adìyẹ," Bàbá Adìwé dáhùn. "Ó dájú pé ibẹ̀ ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́."

Olùtọ́jú yàrá ìkàwé ní ìwé adìyẹ kò sí lórí pẹpẹ, ẹnì kan ti yá a. Nígbà náà ni ohùn kan dún lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

Ìyá Agbálẹ̀ ni, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé náà sì wà nínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, adìyẹ pupa lórí èpo. "Ẹ má bínú, mà. Adìyẹ ni mo fẹ́ sìn, ìdí tí mo fi yá a nìyẹn. Ìgbà tí mo ṣí i, ìyá kan ni mo bá níbẹ̀ tó ń tan àtùpà. Mo ní, ó dáa, wọ́n á dé orí adìyẹ tó bá yá. Mo kà á tán, adìyẹ ò dé, ẹkún ni mo sun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti yá a."

"Kí ló dé tẹ́ ò wá sọ fún wa?"

"Mo rò pé bí ìwé ṣe máa ń rí nìyẹn, mà. Kéèyàn wá nǹkan kan lọ, kó bá òmíràn pàdé níbẹ̀."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ bi í bóyá ọmọ náà padà wálé.

"Ó padà," Ìyá Agbálẹ̀ dáhùn. "Àtùpà ló rí láti ojú omi tó fi mọ ilé. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì. Aládùúgbò kan wà tí òun àti ìyá náà kì í kí ara wọn, ogún ọdún ni wọ́n fi bára wọn ṣọ̀tá. Aládùúgbò yẹn ló ń wá tan àtùpà náà ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọ̀mọ̀wé lára ṣinṣin. Ó rántí ohun tí òun kọ sórí káàdì: "Ọmọ náà padà wálé, ìyá rẹ̀ sì yọ̀. Ó kọ́ mi ní sùúrù." Ìtìjú mú un débi pé ó fi ọwọ́ bojú.

Ọ̀gá àgbà sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, ó lọ bá Bàbá Adìwé níbi tó jókòó sí. "Bàbá, ẹ foríjì mí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àṣìṣe kan lẹ ṣe, àwa tá a mọ̀wé kà ni a ò rí i fún ọdún mẹ́ta. Iṣẹ́ yín ṣì wà."

Àpò ìwé tuntun tó jẹ́ ẹ̀bùn, Ìyá Agbálẹ̀ ló gbé e lọ sílé. Orúkọ Jẹ́jẹ́ ni wọ́n kọ sára ògiri. Ọ̀mọ̀wé fi gbogbo ọ̀sẹ̀ jókòó sí yàrá ìkàwé, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fagi lé orúkọ rẹ̀ lórí káàdì mẹ́rìndínlọ́gọ́ta; àwọn méjìlélógún yòókù náà wá fagi lé tiwọn lórí káàdì ìwé àtùpà. Ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀: ọdún kan gbáko ni wọ́n fi pè é ní Adìyẹ, tí àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ ń kọ "kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀" lẹ́yìn rẹ̀. Ó gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì Ọjọ́ Ìwé yẹn, ó gbé ìtàn àtùpà lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, kí ó lè bá a pààrọ̀ èpo rẹ̀. Bàbá náà kò tíì bá a sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ mú abẹ, Ọ̀mọ̀wé ní, "Bàbá mi, ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kà á fún yín. Láti ojú ìwé kìíní."

Bàbá Adìwé wò ó. Ó gbé gọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó nu ọwọ́. "Ṣé ohun tó wà níbẹ̀ ni wàá kà?"

"Ohun tó wà níbẹ̀ ni. Ẹ fi ojú yín tọ ìka mi."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kà á. Nígbà mìíràn bàbá náà á ní, "Tún ibẹ̀ kà," á sì fi ìka tó dọ̀tí fún gọ́ọ̀mù tọ lẹ́tà kan tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá mọ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọkọ̀ gúnlẹ̀, àtùpà ń jó lójú fèrèsé, aládùúgbò náà ṣílẹ̀kùn. Ọ̀mọ̀wé sì gbé ojú kúrò lórí ìwé.

"Bàbá mi, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìyá Agbálẹ̀ sọ ọ́ létí gbogbo wa. Kí ló wá dé tó tún ń pa mí lẹ́kún?"

"Wọ́n sọ ibẹ̀ fún ọ nígbà yẹn ni," bàbá rẹ̀ sọ, òun náà ń nu ojú. "Lónìí, o fẹsẹ̀ ara rẹ rìn débẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò farasin. Ẹni tó ka ẹ̀yìn ìwé, ẹ̀yìn ló mọ̀. Ìyìn tí a kò ṣiṣẹ́ fún, ọjọ́ tó bá máa já, àárín ọjà ló ti ń já, ẹni tó fẹ́ràn wa jù ló sì ń wó lé. Ìwé kan ṣoṣo tí a kà dénú sàn ju ọgọ́ta tí a kọ orúkọ sí lẹ́yìn. Bí ẹ bá dé yàrá ìkàwé náà lónìí, ẹ fa káàdì *Àtùpà Ojú Fèrèsé* yọ. Lábẹ́ gbogbo orúkọ tí wọ́n fagi lé, ẹ ó rí méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti Ọ̀mọ̀wé. Ìkejì, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó wọ́, gọ́ọ̀mù sì ta sí i lára: "MO KÀ Á. ADÌWÉ."